Apààyàn Tí Wọ́n Ti Ń Wá Tipẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí Wọ́n Ṣe Ń Wádìí Ìpànìyàn Léraléra

Bí ìròyìn bá ti jáde pé ọwọ́ ọlọ́pàá ti tẹ ẹni tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé, "Kí ni wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá?" Ìbéèrè gidi ni. Mo kó òun àti àwọn míì tó máa ń tẹ̀ lé e jọ síbí. Kò sí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ nínú àwọn ọ̀daràn tí mo dárúkọ. N kò sì dárúkọ àwọn tí wọ́n pa. Àwọn mọ̀lẹ́bí wọn ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àjèjì tó.

Irú ìpànìyàn wo là ń pè ní ti léraléra?

Ti ẹni tó pa èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìgbà tó pa wọ́n. Ìlànà tí FBI ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé nìyẹn. Ẹni tó yìnbọn pa èèyàn mẹ́wàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò sí lára wọn, bó ti wù kí ọ̀ràn náà burú tó. Àlàfo tó wà láàárín ikú kan sí òmíràn ló mú kí èyí ṣòro láti wádìí. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́ta, kí apààyàn náà sì máa lọ síbi iṣẹ́ lárààárọ̀, kó máa kí àwọn aládùúgbò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀?

Wọn kì í tètè mọ̀. Òkú kan wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá ìlú yìí, òmíràn wà ní ìpínlẹ̀ kejì, fáìlì méjèèjì ò sì pàdé rí. Nígbà míì, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n pa ẹni náà. Samuel Little jẹ́wọ́ pé òun pa èèyàn 93 káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan sì wà nínú wọn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé oògùn olóró ló pa wọ́n tàbí pé ìjàǹbá ni. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó pa, àwọn tí kò sẹ́ni tó tètè ń béèrè wọn bí wọ́n bá pòórá. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yàn wọ́n.

Torí irú èyí ni FBI ṣe dá ètò ViCAP sílẹ̀ lọ́dún 1985, níbi tí ọlọ́pàá ìlú kọ̀ọ̀kan ti lè kọ bí wọ́n ṣe bá òkú sí, ohun tí wọ́n fi dè é, ibi tí wọ́n gbé e jù sí, kí ẹlòmíì tó ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ lè rí i. Ètò náà dáa, àmọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá kọ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ò lè rí i.

Ohun tí ojú wọn máa ń wà lára rẹ̀ jù ni nǹkan tí ọ̀daràn ṣe tí kò pọn dandan. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ já ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, gbogbo olè ló ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní California láàárín ọdún 1976 sí 1979 tó jẹ́ pé bó bá ti di ọkọ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, tó dojú rẹ̀ délẹ̀, á lọ kó abọ́ wá láti ilé ìdáná, á tò wọ́n lé e lẹ́yìn, á wá sọ fún un pé bí òun bá gbọ́ kí abọ́ dún pẹ́nrẹ́n, òun á pa gbogbo ará ilé. Bí ọlọ́pàá bá rí irú èyí nílé méjì, kò tún sí pé bóyá ẹlòmíì ni. Síbẹ̀, orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí ní àríwá California, orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pe apààyàn kan ní gúúsù. Ọdún 2001 ni àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé ẹnì kan náà ni. A ṣì máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Tí wọ́n bá tún gbé ọ̀rọ̀ tó ti kú dìde, ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìdí bébà ni. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n bá gbé e lé lọ́wọ́ á jókòó ti fáìlì láti ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì lè lo oṣù bíi mélòó kan nídìí rẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí àwọn tó ṣáájú fura sí, torí bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú àwọn yẹn ni wọ́n máa fi wo ìyókù. Lójú tèmi, ibi tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyí. Èèyàn á ní ọ̀gá tó ti fẹ̀yìntì, tó fi ogún ọdún sọ pé Lágbájá ni, á sì gbọ́dọ̀ kàwé yẹn bí ẹni pé kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ṣírò ẹ̀rí. Kí ni wọ́n kó níbi tí wọ́n ti rí òkú? Ibo ló wà báyìí? Ta ló tú u wò kẹ́yìn, ṣé wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń parí síbí. Wọ́n á dé yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí, wọ́n á bá a pé omi ti wọ páálí, tàbí pé ẹnì kan ti dà á nù nígbà tí wọ́n ń kó kúrò ní ilé àtijọ́, torí pé àyè ò gbà wọ́n mọ́.

Àwọn ẹlẹ́rìí ńkọ́? Òótọ́ ni pé èèyàn ń gbàgbé, òmíràn sì ti kú. Ṣùgbọ́n àkókò máa ń ṣe ọlọ́pàá lóore níbi kan: ìyàwó tó purọ́ nígbà yẹn pé ilé ni ọkọ òun sùn lè ti kọ ọkọ náà sílẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ̀rù tí ń ba ọ̀rẹ́ kan lè ti tán. Nítorí náà, wọ́n á tún lọ bá àwọn tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ní pàtàkì àwọn tí kò sọ púpọ̀ nígbà náà.

Ṣé òótọ́ ni pé orúkọ ọ̀daràn sábà máa ń ti wà nínú fáìlì?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Peter Sutcliffe ní ilẹ̀ England. Obìnrin 13 ló pa láàárín ọdún 1975 sí 1980, ọ̀pọ̀ jù wọn ní Yorkshire. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ọlọ́pàá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lákòókò yẹn. Lọ́dún 1977, wọ́n rí owó bébà £5 tuntun nínú báàgì obìnrin kan tó pa. Wọ́n tọpa owó náà dé báńkì, báńkì tọ́ka sí àwọn iléeṣẹ́ tó gba irú rẹ̀ láti fi san owó oṣù, wọ́n sì lọ bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ọkùnrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Sutcliffe wà lára wọn. Wọ́n bi í léèrè, ó dáhùn, wọ́n kọjá.

Kò sẹ́ni tó lè so ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan mọ́ èkejì. Orí káàdì ni wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan sí, káàdì náà sì pọ̀ débi pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó lọ sílé rẹ̀ lónìí lè má mọ̀ pé ẹlòmíì ti lọ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí ọwọ́ máa bà á ní January 1981, nọ́ńbà ọkọ̀ ayédèrú ló kó bá a, nílùú Sheffield. Ó ní òun fẹ́ tọ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn táńkì epo kan. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá tó mú un bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí títọ̀ yẹn, ó padà síbẹ̀, ó sì bá òòlù àti ọ̀bẹ nílẹ̀. Ohun tójú ọlọ́pàá England rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà HOLMES, tó ń so orúkọ, ọkọ̀, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí pọ̀ mọ́ra wọn.

Gary Ridgway náà ńkọ́, tó pa àwọn obìnrin lágbègbè Seattle láti ọdún 1982? Lọ́dún 1984, wọ́n gbé e sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán irọ́ wò, ó sì yege. Ní 1987, wọ́n ní kó jẹ òwú kan lẹ́nu kí wọ́n lè gba itọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi òwú náà pa mọ́. Kò tíì sí àyẹ̀wò tó lè fi díẹ̀ bíńtín tí wọ́n ní dá a mọ̀ nígbà yẹn. Ọdún 2001 ni àyẹ̀wò náà tó dé, itọ́ yẹn sì tọ́ka sí i. Ní 2003, ó jẹ́wọ́ ìpànìyàn 48, wọ́n sì fi ọ̀kan kún un lọ́dún 2011. Iṣẹ́ kíkun ọkọ̀ akẹ́rù lọ́dà ló fi ń jẹun, ọ̀dà náà sì bá a débi pé ẹ̀kán ọ̀dà tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí wà lára aṣọ àwọn kan tó pa. Òun náà wà lára ẹ̀rí tí wọ́n gbé kalẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ o. Ọkùnrin abọ́ ti California yẹn, kò sẹ́ni tó fura sí i rí.

Ṣé DNA tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ṣì lè wúlò?

Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀tá rẹ̀ ni ooru, oòrùn àti ọ̀rinrin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jẹ́ kí aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀ lára gbẹ kí wọ́n tó dì í sínú àpò bébà. Bí wọ́n bá fi ọ̀rá dì í, omi inú rẹ̀ á mú kó bu, kòkòrò àìfojúrí á sì jẹ DNA náà run. Àwọn ọlọ́pàá ìgbà náà kò mọ̀ pé DNA ń bọ̀, ọdún 1984 ni Alec Jeffreys ṣàwárí bí wọ́n ṣe lè fi í dá èèyàn mọ̀. Ẹni tó fi aṣọ pa mọ́ lọ́dún 1975 ń rò ó pé irú ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ dáadáa nígbà tí kò mọ ohun tó máa wúlò fún, òun ni mo máa ń gbé oríyìn fún jù.

Láyé àtijọ́, wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀ tàbí àtọ̀ tó pọ̀ díẹ̀. Ní báyìí, wọ́n lè mú díẹ̀ bíńtín, kí wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀dà púpọ̀, kí wọ́n tó kà á. Wọ́n lè rí i lára okùn tí ọ̀daràn fi ọwọ́ fà, tàbí lẹ́yìn sítáǹpù tó fi ahọ́n lá. Wọ́n tún máa ń rí nǹkan lára irun tí kò ní gbòǹgbò, tí wọ́n ti máa ń pa tì tẹ́lẹ̀. Àmọ́ gbogbo àyẹ̀wò ló ń jẹ lára ẹ̀rí náà. Bó bá kù díẹ̀ péré, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pinnu: ṣé ká lò ó tán lónìí, àbí ká dúró de ohun tó lè dé lọ́dún márùn-ún sí i?

Tí DNA ọ̀daràn náà ò bá sí nínú àkójọ ìjọba ńkọ́?

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n wá ìbátan tó sún mọ́ ọn nínú àkójọ ìjọba kan náà. Bí wọ́n ṣe mú Lonnie Franklin ní Los Angeles lọ́dún 2010 nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ti gba DNA rẹ̀ nítorí ọ̀ràn míì, àyẹ̀wò wá fi hàn pé ẹni tí wọ́n ń wá gbọ́dọ̀ jẹ́ bàbá tàbí ẹni tó sún mọ́ ọmọ yìí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá kan múra bí òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ, ó sì kó ègé pizza tí Franklin jẹ kù.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n wá ìbátan tó jìnnà lórí ìkànnì àwọn tó ń wá ìran wọn. Òun ló gba gbogbo ìròyìn kan lọ́dún 2018, òun ló sì tú àṣírí ọkùnrin abọ́. Àkójọ ìjọba Amẹ́ríkà ń wo ojú ibi 20 péré lára DNA, ìyẹn tó láti sọ pé "òun ni" tàbí "òun kọ́". Àwọn tó ń wá ìran wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lo àyẹ̀wò tó ń wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ibi, ìyẹn sì lè fi ìbátan tó jìnnà réré hàn.

DNA tí wọ́n lò wá láti ara ẹ̀rí ìpànìyàn kan tó wáyé ní Ventura lọ́dún 1980. Dókítà tó ń yẹ òkú wò níbẹ̀ láyé ọjọ́un ní àṣà kan: ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń gba ẹ̀rí lára òkú, á kó ọ̀kan fún ọlọ́pàá, á sì fi èkejì sínú fìríìsà. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ti lò káàkiri ọdún. Èkejì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ sórí GEDmatch, ìkànnì tí àwọn tó ń wá ìran wọn máa ń gbé DNA wọn sí, àwọn tó jọra díẹ̀díẹ̀ ló jáde, àwọn ìbátan tó jìnnà tó jẹ́ pé tọkọtaya tó gbáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló bí gbogbo wọn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Paul Holes, onímọ̀ ìtàn ìdílé Barbara Rae-Venter àtàwọn mélòó kan jókòó tì í fún oṣù bíi mẹ́rin. Ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìkéde ikú, ìwé ìkànìyàn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tú, tí wọ́n ń bọ̀ látorí bàbá ńlá sórí àwọn ọmọ, látorí ọmọ sórí ọmọ ọmọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: èyí kéré jù, èyí kò gbé California rí, obìnrin ni èyí. Ó ku díẹ̀, ó ku Joseph James DeAngelo, ẹni ọdún 72 tó ti fẹ̀yìntì, tó sì ti ṣe ọlọ́pàá rí lákòókò tó ń fọ́lé kiri.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í mú. Àtẹ ìran kì í ṣe ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé lọ sílé ẹjọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ẹnu ilẹ̀kùn lásán ni. Wọ́n ṣì ní láti gba DNA ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ nu ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà wọ́n kó tíṣù tó dà sínú ìdọ̀tí níwájú ilé rẹ̀. Ó bá ti ẹ̀rí mu. Ọjọ́ 24 April 2018 ni ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi. Lọ́dún 2020, ó gbà pé òun jẹ̀bi ìpànìyàn 13, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n gbére.

Ṣé àwọn tó fi DNA wọn síbẹ̀ mọ̀ pé ọlọ́pàá ń lò ó?

Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀, wọ́n sì bínú. Ní May 2019, GEDmatch yí òfin rẹ̀ padà pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i nìkan ni ọlọ́pàá lè rí tiẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé ìlànà kalẹ̀ pé orí ìwà ọ̀daràn ńlá bí ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀ ni kí wọ́n máa lò ó, lẹ́yìn tí àkójọ ìjọba bá ti kùnà. Mo fara mọ́ ìlànà yẹn. Àǹtí yín kan tẹ́ ò mọ̀ rí lè ti fi DNA yín hàn láìbéèrè lọ́wọ́ yín.

Ṣé DNA lè ṣini lọ́nà?

Ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì, ọ̀rọ̀ náà sì burú. Lọ́dún 2007, wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàá obìnrin kan nílùú Heilbronn. DNA obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá náà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé obìnrin yìí ti wà níbi ọ̀ràn bí ogójì ní Jámánì, Faransé àti Austria: ìpànìyàn, olè jíjà, fífọ́ ilé. Wọ́n fi €300,000 sílẹ̀ fún ẹni tó bá mú un. Ó wá kù síbì kan lọ́dún 2009 tí DNA obìnrin náà jáde lára ìwé tó jẹ́ ti ọkùnrin kan tí wọ́n bá òkú rẹ̀ tó ti jóná. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn léèrè. Òwú tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rí ni DNA obìnrin náà wà, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń ṣe òwú ni. Wọ́n ti pa kòkòrò inú òwú náà, àmọ́ ìyẹn ò pa DNA rẹ́. Apààyàn tí orílẹ̀-èdè mẹ́ta ń lé kò sí níbì kankan. Àwọn tó pa ọlọ́pàá náà ní tòótọ́, ọdún 2011 ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ NSU ti àwọn aṣèkórìíra àjèjì ni.

Látìgbà yẹn, wọ́n máa ń fi DNA àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn wé ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n tó pariwo.

Bí ẹnì kan bá ti jẹ́wọ́, ṣé ọ̀rọ̀ ò ti tán?

Rárá o. Lójú tèmi, ìjẹ́wọ́ tí kò sí ohun tó gbè é lẹ́sẹ̀ léwu ju kí wọ́n má rí ẹnikẹ́ni mú lọ, torí wọ́n á ti fáìlì pa, ọ̀daràn gidi á sì máa gbádùn ara rẹ̀.

Henry Lee Lucas jẹ́wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìpànìyàn ní Texas láti ọdún 1983. Ọlọ́pàá láti ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi ń wá, ó ń jẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n ń gbé e jáde, wọ́n ń fún un lóúnjẹ tó fẹ́. Nígbà tí wọ́n wá ṣírò ibi tó wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé kò lè dé ọ̀pọ̀ ibi tó ní òun ti pààyàn. Ti Samuel Little yàtọ̀. Ó yàwòrán ojú àwọn obìnrin tó pa, ó ń sọ irú ọkọ̀ tó gùn, ó ń júwe ọ̀nà, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á sì lọ wò ó bóyá òkú kan wà tó bá a mu. Ohun tí wọ́n ń wá lẹ́nu ẹni tó ń jẹ́wọ́ nìyẹn: ohun tí kò jáde nínú ìwé ìròyìn, tí ọlọ́pàá ò sì fi ìbéèrè gbé sí i lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ Hwaseong ní ilẹ̀ Kòríà ti Gúúsù ló máa ń dùn mí jù. Obìnrin àti ọmọbìnrin mẹ́wàá ni wọ́n pa láàárín ọdún 1986 sí 1991. Ó lé ní 20,000 èèyàn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò pé jẹ́wọ́ ìkẹjọ lẹ́yìn tí wọ́n fìyà jẹ ẹ́, tí wọn ò jẹ́ kó sùn, ó sì lo ogún ọdún lẹ́wọ̀n. Lọ́dún 2019, wọ́n tún yẹ aṣọ àwọn olóògbé wò, DNA sì tọ́ka sí Lee Choon-jae, tó ti wà lẹ́wọ̀n gbére nítorí àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó pa lọ́dún 1994. Ó jẹ́wọ́ gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, títí kan ìkẹjọ náà, àti mẹ́rin míì. Wọ́n ti bi òun náà léèrè nígbà yẹn o. Ẹ̀jẹ̀ B ni wọ́n gbà pé apààyàn ní, ẹ̀jẹ̀ O sì ni tirẹ̀, ni wọ́n bá ní kó máa lọ. December 2020 ni ilé ẹjọ́ tó sọ pé ọkùnrin tó ṣẹ̀wọ̀n kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí lẹ́tà tí àwọn apààyàn kan máa ń kọ?

Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé ṣé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ń wá Sutcliffe, ẹnì kan fi lẹ́tà àti ohùn tó gbà sórí téèpù ránṣẹ́, ó ní òun ni. Ohùn ará Sunderland ni. Ọlọ́pàá gbà á gbọ́ débi pé ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá ti jẹ́ ti ibẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, Sutcliffe sì jẹ́ ará Bradford. Obìnrin mẹ́ta ló ṣì kú lẹ́yìn téèpù yẹn. Ọdún 2005 ni DNA lára àpòòwé tó tú alárékérekè náà fó, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ.

Dennis Rader ní tirẹ̀ ti ara rẹ̀ sínú kòtò. Ó pa èèyàn mẹ́wàá ní Wichita, Kansas, láàárín ọdún 1974 sí 1991, ó wá dákẹ́. Nígbà tó padà dé lọ́dún 2004, ó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá bóyá wọ́n lè mọ ibi tí dísìkì kọ̀ǹpútà ti wá. Wọ́n dá a lóhùn nínú ìpolówó ìwé ìròyìn pé kò séwu. Ó gbà wọ́n gbọ́! Dísìkì náà dé ní February 2005, wọ́n wo ìsọfúnni tó sá pamọ́ sínú fáìlì kan, wọ́n rí "Dennis" àti orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọ́n wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Dennis Rader ni ààrẹ ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Síbẹ̀, wọn ò sáré lọ mú un. Wọ́n gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti yẹ ohun tí ilé ìwòsàn ti gbà lára ọmọbìnrin rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wò, ó sì fi hàn pé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Àwọn tó máa ń sọ ìwà apààyàn láìtíì rí i, ṣé wọ́n wúlò?

Díẹ̀. Wọ́n lè sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n sì lè bá wọn ronú lórí bí wọ́n ṣe máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Mi ò mọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn tí mo sọ lókè yìí tó jẹ́ pé irú iṣẹ́ yìí ló mú kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ṣé òfin ò ní sọ pé ó ti pẹ́ jù?

Ó kù sí orílẹ̀-èdè tó jẹ́. Ní Kòríà, gbèdéke ọdún 15 ló wà nígbà yẹn, ti Hwaseong sì ti tán lọ́dún 2006, nítorí náà wọn ò lè gbé Lee lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n fagi lé gbèdéke yẹn fún ìpànìyàn lọ́dún 2015. Ní California, kò sí gbèdéke fún ìpànìyàn, àmọ́ ó ti pẹ́ jù láti fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan DeAngelo. Àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ ní kóòtù síbẹ̀.

Bí ọ̀daràn náà bá ti kú, kí ni àǹfààní rẹ̀?

Wọ́n lè parí ọ̀rọ̀ náà láìsí ẹjọ́. Wọ́n pa Albert DeSalvo sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́dún 1973. Ó ti sọ pé òun ló pa àwọn obìnrin kan ní Boston, kò sẹ́ni tó dá a lójú. Lọ́dún 2013, wọ́n gba DNA lára ike omi tí ọmọ arákùnrin rẹ̀ mu, wọ́n wá hú òkú rẹ̀, ó sì bá ẹ̀rí obìnrin tí wọ́n pa lọ́dún 1964 mu. Obìnrin kan yẹn ni ẹ̀rí náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún. Ti àwọn tó kù ṣì wà bó ṣe wà.

Èèyàn mi wà lára àwọn tí wọ́n pa, ọlọ́pàá ò sì pè mí mọ́. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí fáìlì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, torí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ lè ti kúrò níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rí ṣì wà, ibi tó wà, àti ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní "a ti yẹ̀ ẹ́ wò," ẹ bi wọ́n ní ọdún wo. Àyẹ̀wò ọdún 1996 àti ti òde òní kì í ṣe ẹgbẹ́. Wọn ò ní sọ gbogbo nǹkan fún yín, torí ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni wọ́n fi ń dán ìjẹ́wọ́ wò, ẹ má bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bóyá páálí náà ṣì wà tàbí kò sí, ìyẹn ò yẹ kó jẹ́ àṣírí. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fèsì ní lẹ́tà.